Ọdún Tí A Fi Wá Ohun Tó Ṣe Àbúrò Mi

Mo rántí ìró òfì ìyá mi ní Kábà, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀, tí ìjọba gbé bàbá mi láti Ìlọrin lọ sí Lọ́kọ́ja, tí àwa ìyókù sì padà sílé. Òfì gíga tí a ń gbé ti ògiri ni, iṣẹ́ obìnrin sì ni lọ́dọ̀ wa. Àbúrò mi, tó ń lọ sí ogún ọdún nígbà náà, mọ̀ ọ́n hun jù mí lọ. Ọkùnrin ni wọ́n pè é nígbà tí wọ́n bí i, ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti ń sọ pé obìnrin ni òun. A rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, àfi bó ṣe dàgbà tí kò yí ohùn padà.

Háà, a wá ìdí rẹ̀ títí! Ìyá àgbà ilé wa ní òfì ló kó bá a, pé bó bá ti kúrò nídìí òfì, ó parí. Àwọn ará ìjọ ní ẹ̀mí àìmọ́ ni. Aládùúgbò wa kan kó àwọn ọmọ rẹ̀ sá fún un, àfi bí ẹni tó ń sá fún ìgbóná. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, tí ìwé díẹ̀ ń gùn, mo ní àìsàn ni, abẹ́rẹ́ ni yóò wò ó. Mo fà á lọ sí ọsibítù. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ara rẹ̀ le koko. Ṣe ni mo bínú sí dókítà.

Bàbá mi, tó máa ń ti Lọ́kọ́ja wálé lópin ọ̀sẹ̀, wá pàṣẹ pé kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi tó ń dáko ní Ẹ̀júkù, kó lọ fi ọdún kan kọ ebè. Bí kò bá yí padà, kó má wọ ilé òun mọ́. Èmi gan-an ni mo bá a di ẹrù.

Ó dé lẹ́yìn ìkórè. Ọwọ́ rẹ̀ ti yi, wọ́n sì ní kò sí òṣìṣẹ́ tó tó o lóko. Bàbá kí i bí a ṣe ń kíra wa lọ́dọ̀ wa pé, "Okun o." Lẹ́yìn náà ló bi í lójú gbogbo wa bóyá ó ti yí padà. Mo ń ṣẹ́jú sí i pé kó purọ́.

"Bàbá, iṣu lẹ ní kí n lọ gbìn, mo sì gbìn ín. Obìnrin ni mí."

Bàbá nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá mi, tí kì í já bàbá lẹ́nu, dìde, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn.

"Ọmọ ẹni kì í burú títí ká lé e fún ẹkùn pa jẹ. Èyí ò tiẹ̀ burú. Bó bá máa lọ, ẹ jẹ́ kí n kó ẹrù tèmi náà."

Bàbá jókòó. Kò lé e mọ́. Ojú tì mí.

Àbúrò mi ti kúrò nílé báyìí, iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ déédéé, ó sì máa ń wá kí wa. Àwọn ènìyàn ṣì ń fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á ní kí ló fà á gan-an. N kì í bínú, èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. A bi ìjọ, a bi dókítà, a bi àgbẹ̀, a kò bi ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ọjọ́ kejì tó ti oko dé ni mo tó jókòó tì í, mo ní kó sọ ọ́ fún mi bó ṣe rí lára rẹ̀.

Ó yíjú sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ mà pẹ́ o."