Ìwé Ilẹ̀ Tí Agnes Tẹ̀

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni Agnes àti Ìbídùnní fi jọ gbé ilé kan náà nítòsí Agric, ní Ìkòròdú. Ìkirè ni Agnes ti wá, Ìbídùnní sì wá láti Ẹdẹ. Yàrá wọn kọjú síra, ilé ìdáná kan ni wọ́n jọ ń lò. Bí ara Ẹwàolúwa, ọmọ Agnes, kò bá yá, Ìbídùnní ló máa ń gbé e pọ̀n lọ sílé ìwòsàn. Télọ̀ ni Ìbídùnní, aṣọ ilé-ìwé ló ń rán; bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, Agnes á bá a gán bọ́tìnnì. Ẹni tó bá rí wọn á ní ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n Agnes ní ohun kan nínú tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí. Lọ́jọ́ tí Tìmílẹ́hìn, ọmọ Ìbídùnní, rí yunifásítì wọ̀, Agnes ló kọ́kọ́ pariwo "ẹ kú oríire" jáde ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tó wọ yàrá tirẹ̀, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ìgbà tí ọmọ yẹn wá yáwèé lọ́wọ́ Ẹwàolúwa. Ìwé ọmọ tèmi ló kà, ó ń rò ó nínú, òun ló wá wọlé ṣáájú.

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan ni Agnes ní nítòsí ibùdókọ̀ Benson, ní Ìkòròdú náà: kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì kan, àti bẹ́ǹṣì fún oníbàárà. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà. Ìkòròdú lọkùnrin yìí ń gbé, ṣùgbọ́n ẹ̀ka ilẹ̀ nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan lápá Ẹ̀pẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní ẹ̀rọ ọ́fíìsì àwọn kì í gbádùn, ìdí nìyẹn tóun fi ń gbé ìwé wá sọ́dọ̀ Agnes. Agnes ò bi í ìdí tí kò fi wá ibi tí yóò ti tẹ̀ ẹ́ ní Ẹ̀pẹ́. Oníbàárà gidi ni, kì í jiyàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìbídùnní wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń dúró de Agnes. Adéṣínà náà wọlé. Ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀, ọkùnrin náà ní ilẹ̀ kan wà lọ́nà Ẹ̀pẹ́ tí ìjọba ń pín, pé ẹni tó bá yára lè rí i gbà ní ẹ̀dínwó. Kí oṣù méjì tó pé, Ìbídùnní àti ọkọ rẹ̀ ti yáwó ní alájẹṣẹ́kù, wọ́n ti ra pulọ́ọ̀tì kẹrìnlá. Agnes fúnra rẹ̀ ló tẹ ìwé tó fún wọn nílẹ̀. Orúkọ Ìbídùnní ń jáde lábẹ́ ìka rẹ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń gún un bí ẹ̀gún.

Nígbà tí Adéṣínà wá gbàwé, Agnes kò lè mú un mọ́ra. Ó ní, "Ọ̀gá, ọdún mẹ́ta tí mo ti ń bá yín tẹ̀wé, ẹ ò fi ilẹ̀ lọ̀ mí rí. Kí ni mo ṣe?"

Adéṣínà rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ẹwà, fi èyí sílẹ̀. Èyí ò dáa fún ọ. Tìẹ ń bọ̀."

Agnes gbà pé ó fojú tẹ́ńbẹ́lú òun ni. Ó fi ẹ̀dùn náà sùn, ó fi jí.

Láti ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ ilé nìkan ló wà lẹ́nu Ìbídùnní. Ó ń yàwòrán ilé sẹ́yìn páálí aṣọ. "Ìyá Ẹwà, yàrá mẹ́ta ni o. Tó o bá wá kí wa, yàrá àlejò ni wàá sùn." Àlejò! Agnes rẹ́rìn-ín, ó ní Ọlọ́run á ṣe é. Àbí ta ló mú un mọ ẹni tó ta ilẹ̀ fún un?

Nígbà tí bíríkìlà gbé ògiri dé ojú fèrèsé, Ìbídùnní mú Agnes lọ wò ó. Bó ṣe ń bá bíríkìlà sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún, ìyá àgbàlagbà kan tó ń bọ̀ látẹ̀bá ọ̀sà pẹ̀lú agbọ̀n ẹja dúró ti Agnes. Rọ̀kíbátù lorúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ pọ́ńbélé ni.

"Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo nilé yìí?"

"Rárá, Mama. Ọ̀rẹ́ mi ló ni ín."

"Sọ fún un kó rọra. Ilẹ̀ ìdílé wa nìyí. Ìjọba ní àwọn fẹ́ kọ́ ilé-ìwé síbẹ̀ fáwọn ọmọ wa, a sì yọ̀ǹda rẹ̀. A ò rí ilé-ìwé. Àwọn èèyàn tó ń mú ìwé lọ́wọ́ kiri là ń rí, tòní yàtọ̀ sí tàná."

"Mo ti gbọ́, Mama. Màá sọ fún un."

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn padà, Ìbídùnní bi í pé kí ni Mama yẹn ń wí. Agnes ní, "Ó kàn ń kí mi ni."

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, Adéṣínà gbé ìwé mìíràn wá. Pulọ́ọ̀tì kẹrìnlá náà ni, ṣùgbọ́n orúkọ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ògúnsànyà ló wà níbẹ̀, ọjọ́ tó sì ní kó kọ sí i ti ṣáájú ọjọ́ tó wà lórí ti Ìbídùnní. Ọwọ́ Agnes dúró.

"Ọ̀gá, ṣé ti Ìyá Tìmí kọ́ nìyí?"

"Nọ́ńbà ló ṣì. A máa tún un ṣe. Ṣáà tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé kò kan òun, pé ọ̀rọ̀ ìjọba ni. Ṣùgbọ́n lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ohun kan wà tó ń dùn mọ́ ọn nínú, ó sì mọ̀ pé ó ń dùn mọ́ òun.

Ọ̀sẹ̀ méje ló fi panu mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méje yìí, Ìbídùnní ta ọ̀kan nínú maṣíìnì méjèèjì tó ní kó lè fi ra páànù. Bí wọ́n ṣe ń gbé maṣíìnì náà jáde, Agnes la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ìbídùnní wò ó, ó fi ẹ̀rín sí i: "Ìyá Ẹwà, kí lò ń wò báyìí? Àbí ò ń jowú mi ni?" Agnes pa ẹnu rẹ̀ dé.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan ni Ògúnsànyà kó katapílà àti ọlọ́pàá dé. Kí oòrùn tó mú, ilé ti di òkìtì búlọ́ọ̀kù. Ìbídùnní padà dé Agric pẹ̀lú eruku lórí gèlè, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́, ó jókòó sílẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Agnes wá ìdùnnú tó ti ń retí, kò rí i. Èyí tó burú jù ni pé nígbà táwọn ayálégbé rọ́ yí Ìbídùnní ká, tí wọ́n ń rọ̀ ọ́, tí wọ́n ń bu omi fún un mu, ìlara tún yọ orí: nígbà tí ọkọ tèmi fi mí sílẹ̀, ta ló pé lé mi lórí báyìí? Ẹ̀rù ara rẹ̀ ló wá bà á. Irú èèyàn wo lòun yìí?

Lọ́jọ́ Ajé, kò ṣí ṣọ́ọ̀bù fún oníbàárà. Ó tẹ gbogbo ìwé Adéṣínà tó wà nínú kọ̀ǹpútà jáde: mọ́kàndínlógún, lórí pulọ́ọ̀tì mẹ́jọ péré. Ó wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́, ó kó wọn lé Rọ̀kíbátù lọ́wọ́, ó sì fọwọ́ sí ìwé pé òun lòun tẹ̀ wọ́n, pẹ̀lú ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà fi hàn pé òun tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdílé náà kó o lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí Adéṣínà lọ rọ́kún nílé ná. Òun ní irọ́ ni, pé òun ò mọ obìnrin kankan tó ń jẹ́ Agnes. Ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù, ẹ̀sùn ṣì ni títí dòní.

Ìbídùnní ka ẹ̀dà ìwé tí Agnes fọwọ́ sí. Ó wá bá Agnes nílé ìdáná.

"Ìyá Ẹwà, ọjọ́ tó o tẹ ti Ògúnsànyà wà lára kọ̀ǹpútà rẹ. Ilé mi ṣì wà lórí ìdúró nígbà yẹn. Mi ò tíì ta maṣíìnì."

Agnes lè ní Adéṣínà ló dẹ́rù ba òun. Ó ti ro irọ́ náà dáadáa. Ṣùgbọ́n ó ní, "Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé?"

"Mo jowú rẹ ni."

Ìbídùnní gbé ìkòkò rẹ̀ àti ìdáná kẹrosíìnì rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó gbé wọn wọ yàrá. Nígbà tóṣù parí, ó kó lọ sí Ìbẹ̀ṣẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n tún pàdé, ní kóòtù ni. Bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n jókòó sí, wọ́n fi àyè ẹni kan sílẹ̀ láàárín.

"Ẹwà ńkọ́?" ni Ìbídùnní bi í, láìwò ó.

"Ó wà dáadáa."

"Bá mi kí i."

Nígbà tí ilé-ẹjọ́ dìde, Rọ̀kíbátù fi apá kọ́ ti Ìbídùnní, àwọn méjèèjì jọ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń fi nǹkan rẹ́rìn-ín. Agnes dúró lókè, ó ń wò wọ́n. Nǹkan yẹn tún rá pálá láyà rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò pè é ní orúkọ mìíràn: owú ni. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó dúró kí wọ́n jìnnà díẹ̀, kó tó máa lọ wọkọ̀ Ìkòròdú.