Òkúta Tí Hàlímọ̀tù Ń Wá Nínú Amọ̀

Hàlímọ̀tù Àṣàkẹ́, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, amọ̀kòkò ní àdúgbò Dàda ní Ìlọrin, ti padà sínú amọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, nínú oṣù kẹfà ọdún 1995 yìí, ló ká ìró rẹ̀ sókè dé orúnkún, tó fọ ẹsẹ̀ méjèèjì, tó sì gun orí amọ̀ tútù tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ níwájú ebu, ibi tí àwọn obìnrin àdúgbò náà ti ń mọ ìkòkò. Oṣù mẹ́ta ti kọjá tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ọdún méje ni ẹsẹ̀ náà ti dùn ún kó tó di ìgbà náà. Rokibat, ọmọbìnrin rẹ̀, dúró tì í, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn.

"Ìyá, ẹ rọra."

"Ṣé ẹyin ni mo jọ lójú ẹ ni?"

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ ìkòkò lè rò pé ọwọ́ ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ ló ń mọ ọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń yẹ amọ̀ wò. Bí amọ̀ bá ti oko dé, wọ́n á da omi sí i, wọ́n á bò ó di ọjọ́ kejì, wọ́n á wá tẹ́ ẹ sílẹ̀, àwọn obìnrin á sì máa fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kúnná. Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ń wá òkúta wẹ́wẹ́. Òkúta tí kò tóbi ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ, bó bá wọ ara ìkòkò, ọjọ́ tí ìkòkò náà bá dé inú iná ni yóò fọ́ ọ. Ojú kì í rí i, ọwọ́ a sì máa fò ó. Ẹsẹ̀ ní í mú un. Nígbà tí Hàlímọ̀tù ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun ní Dàda, àwọn ìyá àgbà ebu máa ń wí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú, nítorí pé ìkòkò rẹ̀ kì í sábà fọ́ nínú iná.

Ọdún 1988 ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ó ń tẹ amọ̀ lọ́jọ́ kan, ni ó bá tẹ nǹkan líle kan lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ní ìsàlẹ̀ ìka kẹta àti ìkẹrin. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tú amọ̀ ibẹ̀ wò, kò rí nǹkan kan. Ó tún tẹ̀ ẹ́, òkúta náà tún wà níbẹ̀. Ọjọ́ yẹn, ó jókòó ti òkìtì amọ̀ náà, ó ń fi ìka fọ́ ọ ní wẹ́wẹ́ títí wọ́n fi pe ìrun Àílà ọ̀sán. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Inú amọ̀ tuntun tí wọ́n gbé wá, bákan náà.

Àhmádù tí gbogbo ebu ń pè ní Bàbá Alámọ̀ ló ń wa amọ̀ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n ni fún ọkọ Hàlímọ̀tù tó ti dolóògbé, ilé wọn sì kojú sí ara wọn. Hàlímọ̀tù rò ó títí, kò rí ohun mìíràn tó lè fà á ju pé bàbá náà ti dàgbà, kì í sì í ṣa òkúta kúrò nínú amọ̀ mọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ó fi ọ̀rọ̀ náà sínú fún ọdún méjì. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan lọ́dún 1990, bí àwọn ènìyàn ṣe ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, ó ru agbada amọ̀ kan, ó lọ dà á sílẹ̀ gbàràmù lẹ́nu ọ̀nà Bàbá Alámọ̀.

"Bàbá Alámọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá òkúta inú amọ̀ yín."

"Ìyàwó, ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin ni. Ọdún kejì rèé tí ẹ ti ń gbé òkúta wá fún mi."

Bàbá náà ká apá agbádá Jímọ̀ rẹ̀ lé èjìká, ó lóṣòó, ó ń fọ́ amọ̀ náà díẹ̀díẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Nígbà tó fọ́ ọ tán, ó nu ọwọ́ rẹ̀.

"Ìyàwó, amọ̀ nìkan ni mo rí."

Ó wọlé lọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní Dàda kí ìyàwó ilé da amọ̀ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Bàbá Alámọ̀ kò gbé amọ̀ wá fún un mọ́, òun náà kò sì béèrè. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wa amọ̀ ní òdìkejì ìlú ló ń ti rà á, amọ̀ tó pọ̀ ní yanrìn, tí kì í sì í fẹ́ dúró lọ́wọ́. Bí wọ́n bá pàdé níbi ìsọmọlórúkọ tàbí ìsìnkú, wọ́n á kí ara wọn, ó parí.

Ṣùgbọ́n òkúta náà tẹ̀ lé e dé inú amọ̀ òdìkejì ìlú. Lẹ́yìn náà, ó tẹ̀ lé e kúrò nínú amọ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà Ọjà Tuntun níbi tó ti ń ta ìsaasùn ọbẹ̀. Ó ń bọ́ bàtà rẹ̀, ó ń gbọ̀n ọ́n, nǹkan kan kò jábọ́. Ọjọ́ tó tẹ̀ ẹ́ lórí ẹní ìkírun nínú yàrá ara rẹ̀ ni ẹ̀rù bà á. Nígbà tó fi máa di ọdún 1992, ó ti kọjá òkúta. Ó ń ta á bí ata, nígbà mìíràn á ṣe gìrì láàárín ìka méjèèjì bí ẹni tí iná ìjọba gbé. Àwọn kan ní làkúrègbé ni. Àwọn kan ní ó ti tẹ ohun tí kò yẹ kó tẹ̀. Ó fi òrí pa á, ó mu omi tí wọ́n fi fọ wàláà, ó ra bàtà tó tóbi jù ú lọ.

Nínú ebu, ẹsẹ̀ òsì ló wá gbájú mọ́. Yóò fi gìgísẹ̀ ọ̀tún gún ilẹ̀ díẹ̀, yóò sì jẹ́ kí òsì máa ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò dákẹ́ nípa rẹ̀.

"Ìyá Rokibat, ẹ̀yin náà ti di adìyẹ tó ń fi ẹsẹ̀ kan dúró. Ṣé ẹ ti fi ìkejì ṣe sàárà ni?"

"Mo fi yá aláìní kan. Bó bá dá a padà, màá sọ fún yín."

Rokibat ló mú un lọ sí ilé ìwòsàn níkẹyìn, lọ́dún 1994. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Rokibat, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìparí. Dókítà tó rí wọn jẹ́ ọmọ Ọ̀mù-Àrán, Dàpọ̀ ni orúkọ rẹ̀, ọkùnrin tí kì í kánjú. Ó jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò egungun ẹsẹ̀ náà, ó wò ó, lẹ́yìn náà ó di ẹsẹ̀ mú, ó fún un pọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó wá fi àtàǹpàkò tẹ abẹ́ rẹ̀. Hàlímọ̀tù di ọwọ́ Rokibat mú.

"Níbẹ̀ yẹn. Ibi tí òkúta náà wà nìyẹn."

"Màmá, kò sí òkúta níbẹ̀," ni dókítà wí. "Iṣan tín-ín-rín kan ni, èyí tó ń jẹ́ kí ìka ẹsẹ̀ yín mọ ohun tó bá kàn án. Egungun méjì ti ń fún un mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ó ti wú bí ẹyọ ẹ̀wà. Ìgbàkígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ńṣe ni yóò dà bíi pé ẹ tẹ òkúta."

Hàlímọ̀tù fa ẹsẹ̀ náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

"Ti inú amọ̀ ńkọ́?"

"Amọ̀ wo, Màmá?"

Rokibat ń wo ilẹ̀.

Dókítà fún un ní abẹ́rẹ́ sí ẹsẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, oṣù mẹ́ta síra wọn. Ara rẹ̀ balẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìrora tún padà. Nígbà náà ni dókítà sọ ti iṣẹ́ abẹ, ó sì sọ òótọ́ rẹ̀ fún un: wọn yóò gé iṣan náà, ìrora yóò lọ, ṣùgbọ́n àárín ìka méjèèjì yẹn àti ìsàlẹ̀ wọn kò ní mọ nǹkan mọ́.

"Láéláé?"

"Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láéláé, Màmá."

"Dókítà, pé kí ẹsẹ̀ mi mọ nǹkan, iṣẹ́ mi nìyẹn."

Ó dìde, ó tiro lọ sílé. Oṣù mẹ́rin ni kò fi dá dókítà lóhùn. Ohun tó ń rò kò ju ọ̀kan lọ: amọ̀kòkò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá mọ òkúta, kí ni yóò máa jẹ́? Ní àsìkò yẹn, kò lè tẹ amọ̀ rárá, Rokibat ló ń bá a tẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ Sátidé. Nínú ogún ìsaasùn tí wọ́n sun, mẹ́fà fọ́.

"Ìyá, mi ò mọ nǹkan kan lábẹ́ ẹsẹ̀ mi," ni Rokibat wí.

"Mo gbà. Ìwọ lo kàwé, ẹsẹ̀ ẹ ò kà á."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ṣa àpáàdì náà jọ. Ibẹ̀ ni Hàlímọ̀tù ti sọ pé òun yóò lọ. "Ọdún méje ló ti ń parọ́ fún mi. Ẹsẹ̀ tó ń parọ́, kí ni mo fẹ́ fi ìmọ̀ rẹ̀ ṣe?"

Oṣù kẹta ọdún yìí ni wọ́n ṣe é. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n fún un, nítorí náà kò sùn, ó ń gbọ́ bí irin ṣe ń kan irin. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Ìbídùn jókòó sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ nípa ìkòkò. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, Hàlímọ̀tù ní kí wọ́n fi ohun náà han òun. Dókítà gbé ìgò kékeré kan wá. Ohun funfun kan wà nínú rẹ̀, kò tó ìdajì èékánná ọwọ́.

"Èyí ló ba àárín èmi àti Bàbá Alámọ̀ jẹ́," ni ó wí.

"Màmá, ẹ ò lè gbé e lọ sílé o," ni Ìbídùn wí. "Wọ́n fẹ́ lọ yẹ̀ ẹ́ wò."

"Kí ni n ó fi ṣe? Mo ti gbé e kiri tó."

Ó fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ rìn, ó ń kírun lórí àga. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n tú okùn abẹ náà. Dókítà kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ ká ìka ẹsẹ̀ náà kò bí ẹni tó ń kúnlẹ̀ títí òun yóò fi fún un láyè. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ kan ilẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà ni, ó dúró díẹ̀ lẹ́yìn ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń retí òkúta. Kò dé. Ó rìn padà sí ibùsùn. Kò dé. Ó jókòó, ó fi gèlè nu ojú, nígbà tí Rokibat sì béèrè ohun tó ṣe é, ó ní òógùn ni.

Bàbá Alámọ̀ gbọ́, ó sì wá kí i. Ọdún karùn-ún nìyẹn tí kò ti wọ ilé náà. Bí Hàlímọ̀tù ṣe rí i, ó fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àga kó kúnlẹ̀, bàbá náà sì na ọ̀pá rẹ̀ dí i lọ́nà.

"Jókòó, ìyàwó. Wọ́n ní o ò gbọ́dọ̀ ká ìka ẹsẹ̀ kò."

"Bàbá, mo ṣẹ̀ yín. Inú ẹsẹ̀ mi ni òkúta náà wà."

"Mo ti gbọ́. Gbogbo Dàda ló ti gbọ́. Èmi tí mo fọ́ odidi agbada amọ̀ pẹ̀lú agbádá Jímọ̀ lọ́rùn ni mo gbọ́ kẹ́yìn."

"Ẹ foríjì mí."

"Mo ti ṣe é. Ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ yẹn, mi ò fi í sílẹ̀ o. Ọjọ́ tí dókítà bá ní o lè kúnlẹ̀, wá kúnlẹ̀ níbi tí o da amọ̀ sí. Jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, kí àwọn tó rí ti àkọ́kọ́ lè rí èyí náà."

Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ọjọ́ Ajé tí a wí yìí, amọ̀ tútù dé níwájú ebu Hàlímọ̀tù. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n gbé e wá. Amọ̀ Bàbá Alámọ̀ ni, ó mọ̀ ọ́n nípa òórùn rẹ̀.

Orí amọ̀ yìí ló gùn lọ́jọ́ Ajé. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan. Ìrora kò sí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún dákẹ́ bí ẹsẹ̀ tó wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn. Ó mọ̀ pé amọ̀ tutù, kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀kejì, ojú rẹ̀ sì ń korò. Rokibat rí i, ó sún mọ́ ọn. Ní ìyípo kẹta, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀ kí Hàlímọ̀tù tó mọ̀ pé òun dúró. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ki ìka méjì bọ abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ náà, ó fà á jáde: òkúta, dúdú, kò tó ẹyọ ẹ̀wà kan.

Ó wò ó pẹ́. Gbogbo ọdún tí ẹsẹ̀ òsì fi ń ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀ méjì, tí wọ́n ń pè é ní adìyẹ, ó ti kọ́ṣẹ́ láìsí ẹni tó kíyè sí i.

"Òun náà lójú," ni ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di èjìká Rokibat mú.

"Ìyá, inú amọ̀ Bàbá Alámọ̀ lẹ ti rí i."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ó fi hàn wọ́n?"

Hàlímọ̀tù so òkúta náà mọ́ etí ìró rẹ̀, ó padà sórí amọ̀.

"Lẹ́yìn ìkúnlẹ̀ ni."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, dókítà yẹ ẹsẹ̀ náà wò, ó ká ìka rẹ̀ síwá sẹ́yìn, ó ní ó ti lè kúnlẹ̀. Jímọ̀ yìí ni, lẹ́yìn ìrun, lẹ́nu ọ̀nà Bàbá Alámọ̀.