Àbá Wendell Brackmann Lórí Àwọn Ọ̀pá Pupa

Wendell Brackmann kì í ṣe ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀. Ní Kessling, ìlú etí odò ní Wisconsin níbi tí ó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣọ́ ẹ̀rọ tí ń ṣe bébà, àwọn ènìyàn a máa sọ pé bí ó bá kí ọ láàárọ̀, àfi kí o yẹ ara rẹ wò bóyá o ti ṣẹ̀ ẹ́. Ẹnu rẹ̀ mú, kò sì kábàámọ̀ pé ó mú.

Láyé ìgbà kan, gbogbo ẹnu omi panápaná, àwọn irin kúkúrú tó dúró létí títì tí wọ́n ti ń fa omi pa iná, ló ní ọ̀pá pupa gíga lórí. Bí òjò dídì bá tilẹ̀ ga ju àgbà lọ, ṣóńṣó ọ̀pá yóò yọjú. Kò sí ẹni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ronú rẹ̀, nítorí ayé ìgbà náà kì í pariwo iṣẹ́ tó bá ti ṣe é dáadáa. Lyle Dufresne, ọ̀gá ilé iṣẹ́ omi, ló pàṣẹ pé kí wọ́n tú gbogbo ọ̀pá náà, torí àwọn olówó etí odò sọ pé wọ́n ń ba ẹwà koríko iwájú ilé àwọn jẹ́.

Ní ìgbà òtútù tó kọjá, ilé Ardis, ẹ̀gbọ́n Wendell, gbiná ní ọ̀sán gangan. Àwọn panápaná tètè dé. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ń gbá òjò dídì ti kó òkìtì sórí ẹnu omi àdúgbò náà, ni wọ́n bá ń fi ṣọ́bìrì gún òkìtì kiri bí ẹni ń wá ẹyin awó nínú igbó. Òrùlé ti wó kí wọ́n tó rí i. Ardis jáde láìfarapa, ó sì wá ń gbé yàrá òkè ilé àbúrò rẹ̀, níbi tí ó ti ń bú ọbẹ̀ tí Wendell ń sè láràárọ̀.

Wendell lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú, ó pariwo. Ó tún lọ, ó tún pariwo. Nígbà tó pe Dufresne ní apànìyàn, ọlọ́pàá di apá rẹ̀ mú, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Gbogbo ohun tó ń fẹ́ kò ju kí àwọn ọ̀pá náà padà sí ipò wọn kí òjò dídì míràn tó dé.

Ọdún yẹn náà ni ilé iṣẹ́ bébà ti ìlẹ̀kùn. Ìjọba kó àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ míràn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó sì di dandan fún olúkúlùkù láti kọ́ bí a ti ń kọ ìwé iṣẹ́, bíi lẹ́tà àti mẹ́mò. Ìyáàfin Engebretson ló ń kọ́ wọn. Akọ̀wé àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ bébà ni obìnrin yìí láyé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onílẹ́tà irin, nígbà tí àṣìṣe kan lè mú kí ènìyàn tún odindi ojú ìwé tẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín rí nínú kíláàsì.

"Ẹ kọ mẹ́mò tí ẹ ó fi dá àbá," ni ó wí. "Ẹni tó lágbára láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Ẹni gidi."

Ó ní ọ̀nà kan tó fi ń ṣiṣẹ́, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló sì bẹ̀rù rẹ̀. Yóò di ẹni tí a kọ mẹ́mò sí, yóò máa kà á sókè, níbi tí sùúrù ọ̀gá bá ti tán yóò fi pẹ́ńsù pupa fa ìlà. Ohun tó bá wà lókè ìlà nìkan ló ń gba máàkì.

Ó mú ti Wendell. "Èmi ni Dufresne báyìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ́fíìsì, kọfí mi ò tíì tutù." Ó kà á: "'Lyle, láti ọjọ́ tí o ti tú ọ̀pá wọ̀nyẹn ni gbogbo ìlú ti mọ irú ènìyàn tí o jẹ́.'" Ó fa ìlà. "Ó tán."

"Ó tán báwo? Ojú ìwé mẹ́ta ló kù!"

"Ó ti wà nínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí, Ọ̀gbẹ́ni Brackmann."

Rudy Vanderloop, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ bébà, bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. "Wendell, ó kúkú sàn díẹ̀. Níwájú ìgbìmọ̀, ìwọ fúnra ẹ ni wọ́n jù síta!"

"Pa ẹnu ẹ dé! Ìwọ tó kọ mẹ́mò nítorí àga ilé ọtí."

"Àga yẹn ń gún mi ní ìdí, ọ̀rẹ́."

Nígbà tí kíláàsì tú, Wendell dúró níwájú tábìlì olùkọ́. "Òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo kọ."

"Ta ló ní irọ́ ni? Ṣé ẹ fẹ́ kí Dufresne tijú ni, àbí ẹ fẹ́ ọ̀pá? Ẹ mú ọ̀kan. Mẹ́mò kan ò lè gbé méjèèjì."

"Ẹ̀yin náà mọ irú èèyàn tó jẹ́."

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo kórìíra ẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ tún un kọ."

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a ń bá náà ọjà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà. Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ Wendell nínú, ṣùgbọ́n ó tún un kọ. Ó fi ohun tó ń fẹ́ ṣáájú: kí àwọn ọ̀pá padà ṣáájú òjò dídì àkọ́kọ́. Ó fún àwọn ará etí odò ní ìdáhùn tiwọn: kí wọ́n máa yọ ọ̀pá nígbà tí koríko bá ń tutù yọ̀yọ̀, kí wọ́n sì máa dá a padà bí igi bá wọ́wé. Ó wá kọ gbólóhùn kan bí ẹni ń gbé ẹ̀gún mì, pé ilé iṣẹ́ omi ń tọ́jú àwọn ẹnu omi rẹ̀ dáadáa. Òótọ́ sì ni.

Ardis kà á nídìí tábìlì oúnjẹ, ó sì jù ú sílẹ̀. "Ilé mi jóná, ìwọ wá ń yin ọkùnrin yẹn? Orúkọ mi dà?"

"Mo kọ 'ilé kan ní Òpópónà Tannery'."

"'Ilé kan'! Ìyá wa ló kọ́ 'ilé kan' yẹn, Wendell! Ojo ni ẹ́." Ó gòkè lọ sí yàrá rẹ̀.

Ìyáàfin Engebretson kà á dé òpin, kò fa ìlà kankan. "Òórùn ìjà ṣì wà lára ẹ̀," ni ó wí, "ṣùgbọ́n ó ṣe é fi ránṣẹ́."

Wendell gbé e lọ fúnra rẹ̀. Dufresne kà á lórí ìdúró, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ta ló bá ẹ kọ ọ́?"

"Èmi ni."

"Irọ́. Brackmann tí mo mọ̀ ò lè kọ gbólóhùn mẹ́ta láìbú bàbá ẹnìkan. Áà, o ti wá mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀ báyìí!"

Ọwọ́ Wendell di ẹ̀ṣẹ́ nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Bí kì í bá ṣe ti ọ̀pá ni, ọlọ́pàá ì bá tún ní iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. "Ọ̀rọ̀ koríko wà lójú ìwé kejì," ni ó wí.

"Mo mọ̀wé é kà."

"Kà á nígbà náà."

Ní ìpàdé ìgbìmọ̀ tó tẹ̀lé e, Dufresne dìde, ó ní òun ní àbá kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbólóhùn Wendell lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó fi òru ronú wọn, kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Rudy fi ìgbọ̀nwọ́ gún Wendell. "Olè! Ṣé o máa dákẹ́ ni?"

Nígbà tí alága béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀, Wendell dìde. Ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà tún bẹ́líìtì rẹ̀ ṣe. Gbogbo ojú yí sí i. Àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀ de ìjà.

"Ìgbà wo?" ni ó wí.

"Ìgbà wo ni kí ni?" Dufresne dá a lóhùn.

"Ìgbà wo lo máa dá àwọn ọ̀pá náà padà? O fo gbólóhùn tó sọ àsìkò nígbà tí ò ń kà á."

Alága yíjú sí Dufresne. Ọkùnrin náà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ọrùn rẹ̀ pọ́n. Ó ní kí àkókò ọdẹ àgbọ̀nrín, tó máa ń ṣáájú òjò dídì, tó ṣí, iṣẹ́ yóò ti parí. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Wendell jókòó.

Ìrì òru ti dì lórí koríko, ṣùgbọ́n òjò dídì kò tíì rọ̀, lọ́jọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ omi dé Òpópónà Tannery. Dufresne dúró tì wọ́n, ó kó ọwọ́ sápò. Wendell sọdá títì láìkí ẹnikẹ́ni. Ó di ọ̀pá náà mú, ó mì ín.

"Má fọwọ́ kàn án! Ti ìlú ni!" Dufresne kígbe.

Wendell tún un mì, tagbára tagbára lọ́tẹ̀ yìí. Kò yẹ̀. Ó yíjú padà, ó sì gba ilé lọ.