Iṣan Ẹ̀yìn Gìgísẹ̀ Alhaja Rísì

Dókítà ti fa oògùn sínú abẹ́rẹ́ tán nígbà tí mo sọ pé rárá. Inú kíníìkì kan ní Sharjah ni, láàárín àwọn ọdún 1990, ojú aláìsàn ni mo sì ti sọ ọ́. Onífísíò ni mí, àwa tá a ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé. Mo kọ́ṣẹ́ náà yanjú ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n fún oṣù mẹ́jọ tí mo ti lò níbẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n fún mi kò ju pé kí n tan iná tí wọ́n fi ń mú ara aláìsàn gbóná, kí n sì ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì.

Aláìsàn náà ni Alhaja Rísì, ọmọ Èkó tó ń ra bàtà àti aṣọ ní ọjà Naif, tó ń kó wọn lọ bá àwọn oníkágò ní Al Ras kí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé. Ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ọ̀tún ń dùn ún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Dókítà ti gún un lábẹ́rẹ́ níbẹ̀. Bó bá ti gún un, ìrora á lọ, Alhaja á tún máa fẹsẹ̀ wọ́ ọjà kiri, ìrora á sì padà dé, á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Dókítà wò mí bí ẹni pé àga ló sọ̀rọ̀.

“Ta ló bi ọ́?”

“Kò sẹ́ni tó bi mí, sà. Abẹ́rẹ́ yìí ń pa ìrora ni, kò wo iṣan. Tẹ́ ẹ bá tún gún un, iṣan yẹn lè já.”

Alhaja yíjú sí mi. “Àbúrò mi, kí lo ní ó lè já?”

“Iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ yín ni, ẹ̀gbọ́n. Tó bá já, ẹ ò ní lè fi ẹsẹ̀ yẹn dìde lórí ìka mọ́.”

Alhaja fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. “Khalas,” ó wí fún Dókítà, bí àwọn Lárúbáwá ṣe ń sọ pé ó tán. “No injection. Na my sister go do am.”

Dókítà gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó ní oṣù mẹ́ta lòun fún mi. Bí obìnrin náà kò bá rìn dáadáa, kí n wá iṣẹ́ síbòmíràn. Ọwọ́ kíníìkì ni visa mi wà. Bí wọ́n bá lé mi, ilé ló kàn. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣan yìí, torí òun ni ìjà náà dá lé. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ yín, lókè gìgísẹ̀. Okùn líle kan wà níbẹ̀ tó so ẹran ẹ̀yìn ojúgun mọ́ egungun gìgísẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kalẹ̀, tí ara yín ń kọjá lórí rẹ̀ lọ síwájú, ojúgun á tẹ̀ síwájú, okùn náà á sì máa fà. Ẹran ẹsẹ̀ á dì í mú ṣinṣin; okùn fúnra rẹ̀ ló máa ń nà bíi rọ́bà. Nígbà tí gìgísẹ̀ bá wá fẹ́ kúrò nílẹ̀, á sún kì padà, á sì tì yín síwájú. Iṣan tí wọn ò jẹ́ kó nà, tí wọn ò jẹ́ kó ru nǹkan kan, ṣe ni agbára rẹ̀ ń tán lọ.

Èmi náà kọ́kọ́ ṣàṣìṣe. Mo ní kí Alhaja dúró létí àtẹ̀gùn, kó máa sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀, àmọ́ mo jẹ́ kó pọ̀ jù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ilẹ̀ mọ́, ó pè mí lórí fóònù.

“Ṣé o fẹ́ pa mí ni? Mi ò lè dé balùwẹ̀!”

Ojú tì mí. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì wọ takisí lọ sí Deira, níbi tí ọjà Naif wà, lọ́jọ́ Jímọ̀ kí n lè fojú ara mi wo bó ṣe ń rìn. Mo tẹ̀ lé e láti Naif dé etí omi. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá ti kanlẹ̀ báyìí, ó ti gbé gìgísẹ̀ rẹ̀ sókè, bí ẹni tó tẹ yanrìn gbígbóná. Kò jẹ́ kí ara kọjá lórí ẹsẹ̀ náà rárá. Sílípáàsì ẹsẹ̀ rẹ̀ sì pẹlẹbẹ bíi bébà. Mo ní kó ra bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ga díẹ̀, ká tó máa dín gíga rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, díẹ̀díẹ̀ la ń ṣe é. Á fọwọ́ ti ògiri, á fi ẹsẹ̀ méjèèjì dìde lórí ìka, á wá fi ọ̀tún nìkan sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ń ṣe é nínú ṣọ́ọ̀bù níwájú àwọn ará India tó ń tajà fún un.

“Ẹ máa rẹ́rìn-ín,” ló ń sọ fún wọn ní Yorùbá. “Ẹsẹ̀ tiyín náà ń bọ̀.”

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, ó wọlé tọ Dókítà lọ láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan, kò di nǹkan kan mú, ó dìde lórí ìka, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún dìde, títí ó fi sú àwa tó ń wò ó.

“Sọ fún un,” ó wí fún mi, “kó wá bá mi rìn dé Al Ras, ká wo ẹni tó máa kọ́kọ́ wá àga.”

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Dókítà, mi ò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò.

Dókítà ò rẹ́rìn-ín, kò sì tọrọ àforíjì. Ó fa fáìlì Alhaja jáde, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gún iṣan náà lábẹ́rẹ́ mọ́. Ó béèrè ẹni tó tọ́jú rẹ̀.

“Èmi ni.”

Ó ti bírò sọ́dọ̀ mi. Ibi tí orúkọ tiẹ̀ máa ń wà ni mo kọ orúkọ mi sí, orúkọ gígùn tí bàbá mi sọ mí, mo sì fi àmì ohùn sórí gbogbo lẹ́tà tó yẹ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dúró dè mí títí mo fi kọ ọ́ tán.