Ẹ̀jẹ̀ Shuanzhu àti Ọbẹ̀ Ẹsẹ̀ Ẹlẹ́dẹ̀

Kang Shuanzhu ń tún alùpùpù oníná ṣe ní ìlú Luoyang, ní ilẹ̀ Ṣáínà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti ìgbà tí Lanxin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ti kú níbi ìrọbí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tún dín kù sí i.

Àìrí ẹ̀jẹ̀ ló pa Lanxin. Ẹ̀jẹ̀ pándà ni wọ́n ń pe irú tirẹ̀, torí ó ṣọ̀wọ́n bí ẹranko inú igbó ọparun yẹn. Bàbá wọn kò ní in, ìyá wọn kò ní in. Dókítà ní ó fara pamọ́ sára àwọn méjèèjì ni. Ọmọ tó bá gbà á lọ́wọ́ bàbá, tó tún gbà á lọ́wọ́ ìyá, lára rẹ̀ ló ti máa hàn; ìyẹn lè jẹ́ ọ̀kan nínú ọmọ mẹ́rin. Lẹ́yìn ìsìnkú ni wọ́n tó yẹ ti Shuanzhu wò. Irú kan náà ni. Lọ́jọ́ tí Lanxin ń kú, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló jókòó sí pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ náà lára. Kò mọ̀.

Ó forúkọ sílẹ̀ níbùdó ẹ̀jẹ̀, ó sì búra pé wọn kò ní pe òun kí òun má dé.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, fóònù dún. Wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún aboyún kan tó ní irú ẹ̀jẹ̀ yìí lówùúrọ̀ ọ̀la. Àpò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n rí, méjì ni wọ́n nílò. Kó tó wọ bàtà, ìyá rẹ̀ ti gbé ọbẹ̀ ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Mu ún tán. Wọ́n fẹ́ fa agbára rẹ, o fẹ́ lọ lófìfo?"

"Màmá, wọ́n ń dúró dè mí."

"Wọ́n á dúró. Wo ọrùn rẹ bí ọrùn adìẹ. Mu ún!"

Ó mu abọ́ méjì, kó lè ráyè jáde.

Níbùdó ẹ̀jẹ̀, Nọ́ọ̀sì Fan fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi ẹ̀rọ yí i, ó gbé e sókè síná. Omi tó wà lórí ẹ̀jẹ̀ náà funfun bíi wàrà.

"Àbúrò, kí lo jẹ?"

"Ọbẹ̀ ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀."

"Odindi ẹlẹ́dẹ̀ lo jẹ ni? Ọ̀rá ti bo ẹ̀jẹ̀ rẹ. A ò lè fà á báyìí. Máa lọ sílé, padà wá lọ́la."

"Ọ̀la ti pẹ́. Mi ò lọ."

"Ó lè di ìrọ̀lẹ́ kó tó mọ́ o."

"Ṣebí ẹ ní bẹ́ǹṣì."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó gbé omi fún un.

Nígbà tó di ọ̀sán, ìyá rẹ̀ wọlé pẹ̀lú fúláàsì. Ọbẹ̀ kan náà ni. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún un. Ìyá gbé fúláàsì náà mọ́ra.

"Lanxin ò jẹun láàárọ̀ ọjọ́ yẹn," ló wí. "Mo rò pé ìyẹn ló pa á."

Shuanzhu gba fúláàsì náà, ó gbé e fún ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ yọ búrẹ́dì funfun kan nínú àpò rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ooru omi sè.

"Èyí ò lọ́ràá."

Wọ́n pín in jẹ.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, Nọ́ọ̀sì Fan tún fa díẹ̀, ó tún yí i. Omi orí rẹ̀ mọ́ bíi tíì. Kó tó sọ̀rọ̀, Shuanzhu ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sínú àpò. Ìyá rẹ̀, tí kì í lè wo ẹ̀jẹ̀, ń wò ó.

"Ìgbà wo lẹ tún máa pè é?"

"Ó di oṣù mẹ́fà, Ìyá."

"Ẹ pe èmi gan-an. Lọ́jọ́ náà, mi ò ní dáná."