Orí Ààtàn Ni Mo Kọ́lé Sí

Òórùn ààtàn tí òjò pa ló yẹ kó kìlọ̀ fún mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara mi ni mo fi yan ibẹ̀. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà, èmi àti ọbàkan mi ń pín ilẹ̀ bàbá wa ní Igbó-Ọrà. Apá kan jẹ́ àpáta. Apá kejì ni kòtò ńlá tí àwọn baba wa ti gbẹ́ amọ̀ tí wọ́n fi mọ gbogbo agbo ilé wa, tí àwọn ìyá wa sì fi eérú àti pàǹtí dí títí tó fi tẹ́jú. Èmi ni ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo kọ́kọ́ mú, mo sì mú ibi tó rọ ọkọ́ lọ́rùn. Nígbà tí àbúrò mi ń fi dígà bá àpáta jà, mo jókòó síwájú ilé mi, mo ń bi í bóyá òkúta ló fẹ́ sè jẹ. Láti ọjọ́ náà, a ò kí ara wa mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ mì. Mo kọ́kọ́ rò pé lọ́rì agégẹdú ló ń kọjá. Àfi bí àwo ṣe ń lu ara wọn, tí páànù ń han, tí ògiri pálọ̀ là láti òkè délẹ̀, tí eruku pupa kún ẹnu mi. Mo gbé ọmọ, mo sá jáde. Kí n má parọ́, ìrọ̀rí ni mo gbé.

Ní òdìkejì, ibi tí mo lè ju òkúta dé, ọbàkan mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń run orín. Ilé rẹ̀ kò sán rárá. Ẹ̀rù tó ń bà mí di ìbínú, mo fa àdá tí mo máa ń há sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yọ.

“Ìwọ lo rán an sí mi! Kí ló dé tí tìrẹ ò mì?”

“Ó mì díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìrọ̀rí yẹn náà ń bọ̀ wá jà ni?”

Mo ti gbé ẹsẹ̀ nígbà tí ìyàwó mi jáde, ọmọ lẹ́yìn, abọ́ ẹ̀kọ àárọ̀ lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, bí inú bá ń bí mi, ohun tí mo dúró lé ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, kí n tó wo ẹni tó dúró níwájú mi. Ìyàwó mi gbé abọ́ náà kalẹ̀, ó fi ìka ta á létí. Abọ́ ò kúrò lójú kan. Ẹ̀kọ tó ti ń dì nínú rẹ̀ ń mì síwá-sẹ́yìn.

“Bàbá Àlàkẹ́, ìka kan náà ni. Orí abọ́ ni ọkọ mi kékeré kọ́lé sí, orí ẹ̀kọ lẹ kọ́ tiwa sí. Ẹ fi àdá yẹn sílẹ̀, kí ẹ wá bá mi kó ẹrù lọ sórí abọ́.”