Òwú Tí Kò Ní Ìyá

Bí ẹ bá fẹ́ bá Eduvina Nahuelquín jà, ẹ má lọ bá a nídìí sítóòfù onígi rẹ̀, nígbà tí abẹ́rẹ́ ìhun wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ajá rẹ̀ Pirata sì sùn lé e lẹ́sẹ̀. Ibẹ̀ ni yóò ti nà yín. Èmi Rosalba, tí mo ti ń bá a mu tíì mate láti ogójì ọdún, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìsọ̀kò kan ló wà láàárín ilé mi àti tirẹ̀. Tí òjò oṣù kẹfà bá ti bẹ̀rẹ̀ ní erékùṣù Chiloé wa, kò sẹ́ni tó ń jáde àfi ẹni tó fẹ́ gbé igi ìdáná wọlé. Èmi á kó òwú mi, màá sáré kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀. Milcao, àkàrà pòtétò wa, á ti máa yan lórí sítóòfù, òórùn pòtétò á gba gbogbo ilé. Ológbò á wà nínú agbọ̀n irun àgùntàn tí a ti lé e kúrò nínú rẹ̀ láìmọye ìgbà. Bí a ṣe ń gbé ìgbà òtútù nìyẹn, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Àgùntàn mẹ́rin ni Eduvina ní: funfun méjì, dúdú kan tó ń jẹ́ Golondrina, àti Canela tí irun tirẹ̀ pupa rúsúrúsú. Kì í pa òwú láró rárá. Àwọ̀ tí Ọlọ́run fún àgùntàn ló fi ń hun súwẹ́tà. Kì í sì í fọ irun náà débi tí ọ̀rá rẹ̀ á tán, torí ọ̀rá yẹn ni kì í jẹ́ kí òjò wọ aṣọ. Ẹni tó bá wọ súwẹ́tà Eduvina, òórùn àgùntàn á bá a dé ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sẹ́ni tó ń tijú.

Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì láti ọdún mẹ́ta. Nígbà òtútù èṣí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Heriberto, wọkọ̀ ojú omi wá láti ìlú Puerto Montt. Ó dì mọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì pẹ́ kí ìyá tó fi í sílẹ̀. Kò tíì bọ́ bàtà tó ti bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, ọkọ̀ máa padà wá lọ́jọ́ kẹjọ. A jọ ń lọ ni. Barría aládùúgbò yín á ra àwọn àgùntàn, Àǹtí Rosalba á gba ajá. Wọn ò gba ẹranko nílé tí mò ń gbé."

"Ṣé èmi wá ni wọ́n gbà?"

"Màmá, ẹ ò ríran mọ́! Lọ́jọ́ kan ẹ máa dáná sunlé mọ́ ara yín."

"Ṣé ojú ni mo fi tọ́ ẹ dàgbà ni? Ọwọ́ ni."

Èmi náà wà níbẹ̀, milcao lọ́wọ́ mi. Inú bí mi gidi, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ ni, mo gbájú mọ́ òwú mi.

Eduvina ní, "Ó dáa. Kí ọkọ̀ tó dé, màá hun súwẹ́tà aláwọ̀ mẹ́ta fún ẹ. Tí dúdú bá ṣèèṣì bọ́ sáyè funfun níbì kan péré, màá di ẹrù mi fúnra mi. Tí kò bá ṣèèṣì, o ò ní dárúkọ Puerto Montt létí mi mọ́."

Heriberto rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti pàdánù, Màmá."

Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Kó tó fa òwú, á fi àtàǹpàkò yí i wò, á gbé e símú. Ti Golondrina le, ó máa ń ta ọwọ́ díẹ̀. Ti Canela máa ń lọ́ràá. Ti àwọn funfun rọ̀ bí etí ológbò. Ojoojúmọ́ ni mò ń yẹ ìlà wò lójú fèrèsé, mi ò rí àṣìṣe kankan.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Heriberto ṣe ohun ìtìjú. Ó ra òwú dúdú ilé iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù etí èbúté, ó yọ ti Golondrina nínú agbọ̀n, ó fi ìyẹn rọ́pò rẹ̀, kí ọwọ́ ìyá rẹ̀ lè ṣìnà. Mo rí i. Ó fìka sétè sí mi pé kí n dákẹ́. Mo wò ó láti òkè délẹ̀, mo sì dákẹ́ lóòótọ́, torí mo mọ ẹni tó fẹ́ tàn jẹ.

Eduvina nawọ́ sínú agbọ̀n. Ó yí òwú náà lọ́wọ́. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún gbóòórùn rẹ̀.

"Rosalba, àgùntàn wo ló bí èyí?"

"Bi ọmọ ẹ."

"Heriberto, òwú yìí ò ní ìyá. Ìwọ ní. Ìyẹn ló ṣe yẹ kójú tì ẹ́."

Ó jù ú sí ológbò. Ológbò fimú kàn án, ó kẹ̀yìn sí i. Heriberto dá ti Golondrina padà sínú agbọ̀n.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ọkọ̀ fọn fèrè léèbúté. Heriberto wọ súwẹ́tà náà. Kò sí ìlà kan tó ṣìnà, ó sì bá a lára mu régí. Ó wo ara rẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ ò wọ̀n mí o."

"Mo wọ̀n ẹ́. Nígbà tó o dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, kí lo rò pé ọwọ́ mi ń ṣe lẹ́yìn ẹ? Ogún ojú ìhun ni mo dín kù nínú ti súwẹ́tà ẹ tẹ́lẹ̀. Mo ka egungun ẹ níkọ̀ọ̀kan, ọmọ mi. Ta ló ń fún ẹ lóúnjẹ níbẹ̀ yẹn?"

Ó jókòó wọ̀ọ̀. Ó wá jẹ́wọ́ pé láti oṣù kẹta ni ìyàwó òun ti kó jáde, pé bí òun bá ti ibi iṣẹ́ dé, òun kì í lè jẹun nínú ilé tó dákẹ́ rọ́rọ́ yẹn. Omi bọ́ lójú èmi tí mo ti ń bú u nínú láti ọjọ́ mẹ́jọ.

Ọkọ̀ fọn fèrè lẹ́ẹ̀kejì. Eduvina kò gbórí sókè.

"Ẹnì kan nínú àwa méjèèjì ni ò lè dá gbé," ó wí, "kì í sì í ṣe èmi. Lọ gbé igi wọlé."

Heriberto wọ súwẹ́tà náà jáde sínú òjò, ó lọ síbi igi ìdáná. Omi ò kàn án lára.